Jíìpù àtijọ́ tó ń sitáàtì lónìí, tó ń kọ̀ lọ́la: ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ara wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, torí ó ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń ta jíìpù gidi lówó pọ́ọ́kú, kìkì nítorí pé ó ń sitáàtì nígbà kan, ó ń kọ̀ nígbà kan, wọ́n á ní mọ́tò ti darúgbó. Kì í ṣe ogbó ló ń ṣe é o.

Tèmi, Land Cruiser 80 ni, ẹ́ńjìnì 1HZ, dísẹ́ẹ̀lì 4.2 lítà, gíà ọwọ́, òun la fi ń wọ oko káṣú lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ó ń lọ. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìgbà tó máa dáhùn. Láàárọ̀ nílé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó ti gbaná. Ká dé oko ká pa á, ká di ẹrù tán, ká wá yí kọ́kọ́rọ́, "kọ́!" kan ṣoṣo la máa gbọ́, ẹ́ńjìnì ò ní yí. Ẹ tún yí i, "kọ́!" Ẹ ó máa yí i bẹ́ẹ̀ títí, ó kàn máa ṣàdéédé yí gìrì, á gbaná, ẹ ò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe tó fi gbà.

Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ní bátìrì ni, wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Ẹlòmíì ní ọ́tánétọ̀ (ohun tó ń ṣájì bátìrì) ò ṣájì, bẹ́ẹ̀ mítà ń ka fólítì 14.1 nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì dáa, torí 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà. Gbogbo wọn ló jẹ́ pé ìgbà tára ẹ̀ bá le ni wọ́n ń wò ó, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Bàbá rẹ́wáyà (oníṣẹ́ iná mọ́tò) kan nítòsí Tákìẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ló là mí lójú. Mo gbé e débẹ̀, bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó gbaná, ó tún yí i, ó tún gbaná, ló bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Máa gbé e lọ. Ọjọ́ tó bá kọ̀, má tì í, má fi nǹkan gbá a, má fọwọ́ kan orí bátìrì, pè mí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Torí ohun tó wọ́pọ̀ ni pé tí mọ́tò bá ti kọ̀ báyìí, wọ́n á pe àwọn ọmọ oko kí wọ́n wá tì í, tàbí kí ẹnì kan máa mi orí bátìrì, á bá gbaná, ìgbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kò sí nǹkan tó máa rí mọ́, ó di kó máa méfò, owó yín ló sì fi ń méfò.

Ó kọ̀ lóko lóòótọ́, mo pe bàbá, wọ́n gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú mítà àti gílóòbù tẹ́sítà. Wọ́n ní kí n fi gíà sí fírì, kí n fa háńbíréèkì, wọ́n tún fi òkúta di táyà (ẹ má fojú kéré èyí o, mọ́tò gíà ọwọ́ lè fò lé ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀). Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tan iná iwájú, kí n wá yí kọ́kọ́rọ́. "Kọ́!" Iná ò rẹ̀ rárá. Bàbá ní tó bá jẹ́ bátìrì ló ti lọ sílẹ̀ ni, tàbí tí orí bátìrì ò mú dáadáa, iná yẹn ì bá rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kó kú pátá. Ó dúró bó ṣe wà torí sitátà (ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnì kó tó gbaná) ò tíì fa iná kankan. Wọ́n wọ abẹ́ lọ, wọ́n fi mítà sí wáyà kékeré tó ń bọ̀ láti ibi kọ́kọ́rọ́, mo yí i, ó ka 11.8. Wọ́n tún gbé e sórí bóòtù ńlá tí okùn bátìrì wọ̀, apá kejì mítà lára ẹ́ńjìnì, mo yí i, 12.4. Bàbá ní iná ti dé ẹnu ọ̀nà, inú sitátà ni kò ti kọjá. Ká ní wáyà kékeré yẹn ka 7 tàbí 8 ni, ọ̀nà ẹ̀yìn là bá gbà, ibi kọ́kọ́rọ́, rílè (suwíìṣì kékeré tí iná ń tàn) àtàwọn wáyà tó ti gbó.

Wọ́n yọ nẹ́gétíìfù bátìrì kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Ẹ̀yìn sólẹ́nọ́ìdì sitátà (suwíìṣì ńlá tó wà lára ẹ̀) ní ìdérí kan, bóòtù kéékèèké mẹ́ta ló dè é. Bàbà méjì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá kan tó ní àwo bàbà lórí. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ọ̀pá yẹn á fà wọlé, àwo ẹ̀ á gbá bàbà méjèèjì mú, iná á wá kọjá. "Kọ́" tá à ń gbọ́ nìyẹn. Bàbà kan ti jẹ wọnú bí ọṣẹ tó kù fẹ́lẹ́, ó dúdú, apá kan àwo yẹn náà ti jó. Bàbá wá fi ìka yí àwo náà lójú mi, ó ń yí bó ṣe wù ú. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ́ kó máa gbà kó máa kọ̀ nìyẹn: tí ibi tó mọ́ bá kọjú sí bàbà, á gbà, tí ibi tó jó bá yí débẹ̀, "kọ́" lásán ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ bàbá, torí gbogbo àwọn tó ti wò ó ṣáájú, kò sí ẹni tó sọ ìdí tó fi ń kọ̀ tó tún ń gbà.

Bàbà yẹn àti ọ̀pá ẹ̀ ń tà lọ́tọ̀, Gate n'Ìbàdàn la ti rí i rà. Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá mọ́ bàbà o, ẹ má ṣe bàbà nìkan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan tà yín ní odindi sitátà tòkunbọ̀, ta ló mọ bí bàbà inú ìyẹn náà ṣe rí?

Ẹ sọ tiyín.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀yọ́ lèmi wà, Pajero gíà ọ́tò ni tèmi, mo máa ń fi ná ọjà Ìṣẹ́yìn. Tèmi ò tiẹ̀ ké "kọ́" rárá, kẹ́kẹ́ á kàn pa ni. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti ní kí n lọ ra sitátà. Ọmọ iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ló bi mí pé, mọ̀mí, ṣé iná rìfáàsì yín máa ń tàn déédéé? Mo ní rárá, ó ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mi ò kà á sí. Ó ní kí n fi gíà sí N (fírì) dípò P (páàkì), kí n tẹ bíréèkì, kí n yí i. Ó gbaná lójú ẹsẹ̀!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé suwíìṣì kan wà lára gíàbọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kí mọ́tò sitáàtì àfi tí gíà bá wà ní P tàbí N, suwíìṣì kan náà ló ń gbé iná lọ fún iná rìfáàsì. Ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ti wọnú ẹ̀. Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un tò kó bá gíà mu, ó tán. Ọmọ yẹn gbọ́n, mo sì fún un lówó dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gíà ọ́tò, ẹ dán N wò kẹ́ ẹ tó náwó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ti Hilux mi yàtọ̀ sí tiyín o, dísẹ́ẹ̀lì 2.8 ni, Sábó níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Òun ń yí dáadáa, kò kàn gbaná ni. Àárọ̀ nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo àárọ̀, mo wá ṣàkíyèsí pé tí mo bá kọrí ẹ̀ sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé mi sùn ló máa ń ṣe é, tí mo bá páàkì sílẹ̀ gbọrọ, kò sí wàhálà. Wọ́n ní ọyẹ́ ni, wọ́n ní hítà pọ́lọ́ọ̀gì (èyí tó ń mú inú ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì gbóná kó tó gbaná) ni. Mẹkáníìkì mi dúró síbi tí èéfín ti ń jáde, ó ní kí n máa yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní tó bá jẹ́ hítà pọ́lọ́ọ̀gì ni, èéfín funfun á máa jáde torí epo ń dé, kò kàn jó ni. Èéfín ò jáde rárá, á jẹ́ pé epo ò dé nìyẹn. Ó wá ki rọ́bà tó mọ́ gaara bọ àárín fílítà àti pọ́ǹpù, la bá rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó kọjá nínú ẹ̀. Pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà ló ń fa afẹ́fẹ́, rọ́bà epo kan náà ti sán, ìyẹn ni gbogbo epo ṣe ń padà sí táńkì lóru. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ pọ́ǹpù yẹn títí tó fi le láàárọ̀, tó wá gbaná kíá, afẹ́fẹ́ ni, ẹ má wá a lọ síbòmíì.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ohùn ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó ké "kọ́", èyí tó dákẹ́, èyí tó ń yí tí kò gbaná. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún rẹ́wáyà, ẹ má kàn ní "kò sitáàtì."

Àbúrò tó bi mí níkọ̀kọ̀ pé tòun ń yí fàà bí ẹni tí ò jẹun, pàápàá tó bá ti gbóná, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà láti ara ẹ́ńjìnì sí nẹ́gétíìfù bátìrì) kẹ́ ẹ tó wo sitátà. Bátìrì tó kún máa ka 12.6, tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́ kò yẹ kó já sí ìsàlẹ̀ 9.6. Tí bátìrì bá yege, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí òjé nẹ́gétíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe orí irin tó dì í mú o, kẹ́ ẹ fi ìkejì sára ẹ́ńjìnì níbi tí kò sí ọ̀dà, kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá kọjá 0.5, iná ń sọnù lọ́nà. Okùn tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì àti mọ́ bátìrì ni kẹ́ ẹ tú, ẹ fi sáńpépà ha ìdí bóòtù méjèèjì títí tó fi máa dán, ẹ dè é padà kó le, kẹ́ ẹ sì tún un wọ̀n.