Snare onírin tí owó rẹ̀ kò ga jù fún rọ́ọ̀kì: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onílù. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ wa: gìtá méjì, básì kan, èmi ni mo wà lórí dírọ́ọ̀mù. Rọ́ọ̀kì là ń lù, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Snare onígi (ìlù pẹlẹbẹ tó ní wáyà lábẹ́, tó ń dún páà) ni mo ń lò, àmọ́ bí àwọn onígìtá yìí bá ti tẹ pẹ́dààlì wọn báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi mọ́. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gbá tìmùtìmù. Mo fẹ́ ra onírin. ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè kọjá ibẹ̀, torí ìyàwó mi mọ iye tó wà níbẹ̀. Èwo lẹ rà, èwo lẹ gbádùn, èwo lẹ kábàámọ̀?

Afrobeat_ni_mo_mọ̀
Rọ́ọ̀kì n'Íbàdàn? Ta ló ń wá wò yín, àwọn ewúrẹ́?

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Ewúrẹ́ náà ń sanwó ìwọlé.

Ọmọ_Àyàn
Ra awọ tuntun. Ìlù yẹn ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n, mo ti pààrọ̀ awọ lẹ́ẹ̀mejì.

Tòkunbọ̀_Peckham
Pearl Sensitone onírin lèmi ń lù, íǹṣì 14 ní fífẹ̀, 5.5 ní gíga. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń kó kúrò nílé ni mo ti rà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé ibi ìdánrawò, rimshot kan ṣoṣo ni mo gbá (kí sítíìkì kan awọ àti etí ìlù lẹ́ẹ̀kan náà), páà! Onígìtá wa yíjú padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àmọ́ irin máa ń hó o. O ti lù ú tán, ó ṣì ń dún wííìn bí ẹ̀fọn létí. Mo gbé pọ́ọ̀sì mi lé etí awọ, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni pọ́ọ̀sì yẹn ti ń jìyà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Onílù
Pọ́ọ̀sì tí owó wà nínú ẹ̀ ni àbí òfìfo? Ìyẹn náà ní bó ṣe máa dún o 😂

Tòkunbọ̀_Peckham
Òfìfo ni, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà.

Jọ́ọ̀nù_Aládùúrà
Páànù ni òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo lu snare irin níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá àgbà kan fi Bíbélì bo etí ẹ̀.

Ẹ̀mí_Ìlù_Yaba
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíì má baà kó sí i. Wọ́n ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé ohùn idẹ kún, pé kì í gún ni létí bí irin. Ni mo bá lọ wá idẹ. Ẹni tó tà á fún mi ní, “Ọ̀gá mi, idẹ pọ́ńbélé ni, ẹ wò ó bó ṣe ń dán.” ₦120,000. Mo sanwó, n ò tilẹ̀ dúnàá-dúrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń lù ú, tí mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ gbọ́ bí idẹ ṣe ń dún.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi obìnrin yọ mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára fíríìjì, ó ń fi ṣeré káàkiri yàrá. Ó dé ibi snare. Pá! Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo já a kúrò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Pá! Mo gbé e sísàlẹ̀, níbi tí kò sí lug (ibi tí ìdè awọ ń wọ̀ lára ìlù) kankan. Pá! Mo jókòó. Àbúrò mi ní kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan.

Ọmọ_Àyàn
Oṣù mẹ́jọ! O sì ń gbọ́ idẹ létí 😂😂😂

Ìyá_Ìbejì_Onílù
Ẹ fi í sílẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ náà ní idẹ ni.

Ọ̀gbẹ́ni_Gírámà
Òòfà là ń pè é lédè Yorùbá o, kì í ṣe mágínẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀mí_Ìlù_Yaba
Òòfà ni, mágínẹ́ẹ̀tì ni, ẹni tó tà á ti fa owó mi lọ.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Ọ̀rẹ́, má tíì sunkún. Kí wọ́n tó fi chrome bo ìlù, nickel ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sí i nísàlẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì sì máa ń fa nickel. Ó lè jẹ́ idẹ náà ló wà nínú.

Wẹ́dà_Mọ́níyà
Èmi ò lu ìlù o, wẹ́dà ni mí, ọmọ mi ló ń lù, òun ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Nickel tó wà lábẹ́ chrome fẹ́lẹ́, kò tó ohun tó lè di mágínẹ́ẹ̀tì fíríìjì mú kó dún pá. Irin lẹ rà. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú, ẹ tú ìdè lug kan, ẹ fi ẹnu àbẹ́rẹ́ ha etí ihò rẹ̀ díẹ̀ láti inú. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òrùka ìyá arúgbó, idẹ ni. Bó bá funfun, irin tàbí alumíníọ̀mù ni, ẹ sì máa fi mágínẹ́ẹ̀tì àti ìwúwo mọ ìyàtọ̀. Stainless nìkan ló lè tàn yín, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀mí_Ìlù_Yaba
Mo ti ha á. Funfun báláú.

Ọ̀gbẹ́ni_Gírámà
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ idẹ, idẹ wo? Bàbà tí wọ́n pò mọ́ zinc àbí bàbà tí wọ́n pò mọ́ tánganran? Òyìnbó ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀. Snare bàbà gan-an wà pẹ̀lú, ìyẹn tún yàtọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Onílù
Inú Bíbélì lẹ ti rí tánganran yẹn, ẹ má purọ́.

Ọmọ_Àyàn
Idẹ ni ṣaworo etí ìyáàlù bàbá mi àgbà. Kò sẹ́ni tó gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn rí. Ẹ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Wẹ́dà_Mọ́níyà
Ní ìsọ̀ tiwa, idẹ là ń pe méjèèjì. Ẹni tó ń ra àlòkù ò bìkítà.

Ìyá_Ìbejì_Onílù
Tèmi kì í ṣe ti irin tàbí idẹ. Mo ra snare irin dáadáa, mo ní kí n pààrọ̀ awọ òkè àti tìsàlẹ̀ pa pọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní awọ ni awọ, ó kó méjì tó nípọn bákan náà fún mi. Mo délé, mo de gbogbo ẹ̀ le, mo gbá a: gọ̀-ọ̀! Wáyà ìsàlẹ̀ ò dáhùn rárá, àfi bí ẹni ń lu garawa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú ìlù onílù. Ẹnì kan ló wá fi hàn mí pé awọ ìsàlẹ̀ ní láti fẹ́lẹ́ débi tí wàá fi rí ọwọ́ rẹ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi awọ fẹ́lẹ́ Ambassador Hazy sísàlẹ̀, mo fi awọ Emperor funfun tó nípọn sókè. Ìlù kan náà, ọjọ́ kan náà, ó di páà.

Ọmọ_Àyàn
Kí ni mo sọ láti òwúrọ̀?

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n Àyàn, báwo lẹ ṣe ń tíùn tiyín gan-an?

Ọmọ_Àyàn
Fi ọwọ́ fún gbogbo ìdè títí yóò fi kan òrùka tó di awọ mú. Lẹ́yìn náà kí o mú kọ́kọ́rọ́: bí o bá yí èyí tó wà níwájú rẹ, èyí tó kọjú sí i ló kàn, má tò wọ́n tẹ̀ léra. Fi ìka kan tẹ àárín awọ jẹ́ẹ́, kí o máa fi sítíìkì kan etí rẹ̀ tọ́ tọ́ tọ́ níwájú ìdè kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ohùn bá ti lọ sílẹ̀, fún un díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti ń sọ ohun kan náà, o ti dé ilé. Awọ ìsàlẹ̀ le ju tòkè lọ ní tèmi.

Tòkunbọ̀_Peckham
Ní tèmi ó dọ́gba.

Ọmọ_Àyàn
Ìdí nìyẹn tí pọ́ọ̀sì rẹ fi ń jìyà.

Àgbà_Surulere
Mo ka gbogbo ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó béèrè pé ta ló ń wo rọ́ọ̀kì, ẹgbẹ́ BLO ti ń dáná rọ́ọ̀kì l'Ékòó láti 1972. Laolu Akins wà lórí ìlù, Berkley Jones lórí gìtá, Mike Odumosu lórí básì. Ginger Baker, òyìnbó onílù ẹgbẹ́ Cream, fúnra rẹ̀ wá ṣí sítúdíò s'Ékòó ní 1973. Jẹ́ kí ewúrẹ́ sinmi.

Àbúrò tó ni ìbéèrè, wọ́n ti fi irin àti idẹ dí ọ lójú. Alumíníọ̀mù ńkọ́? Iléeṣẹ́ Ludwig ṣe ọ̀kan nígbà náà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní Acrolite, fún ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ ìlù. Lug 8, àwọ̀ eérú, kò dán, kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe Supraphonic, snare wọn tí gbogbo ayé ń wá kiri náà. Lug 10 àti chrome ló fi jù ú lọ. Ilé-ìwé kan tó ń kó ẹrù àtijọ́ dànù ni mo ti rí tèmi, aláǹtakùn ti kọ́lé sínú rẹ̀. Mo fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, mo fi wáyà tuntun sí i. Ó ń dún gbẹ ni: tàù, ó tán. Mi ò fi pọ́ọ̀sì lé e rí.

Tòkunbọ̀_Peckham
Ẹ má bínú sà, alumíníọ̀mù rọ̀ jù fún rọ́ọ̀kì.

Àgbà_Surulere
Supraphonic 402, 14 ní 6.5, ni John Bonham fi ń lù fún ẹgbẹ́ Led Zeppelin. Alumíníọ̀mù ni. Ṣé ó rọ̀ fún òun náà?

Tòkunbọ̀_Peckham
Mo ti dákẹ́, sà.

Ìyá_Ìbejì_Onílù
Bonham lè lu ìkòkò ọbẹ̀ kó dún bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Àmọ́ chrome kì í fẹ́ dúró lára alumíníọ̀mù. Mo rí Supraphonic kan ní Kútọnu tí ara rẹ̀ ń bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ohùn ẹ̀ ò yí padà o. Tèmi tó jẹ́ irin ló kàn mí lóòótọ́: ìtòsí òkun ni mò ń gbé, ibi tí chrome ti ṣí díẹ̀, ó ti dípẹtà. Gbogbo ìdè rẹ̀ ni mo ń fi òróró pa.

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Ẹ gbà mí o! Mo wà ní ìsọ̀ ẹrù tòkunbọ̀ kan báyìí. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì ilé wa dání, èyí tó ní àwòrán ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ọ̀gá tó ni ìsọ̀ ń wò mí bí ẹni tó ń wo babaláwo. Snare mẹ́ta ló wà ńlẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ méjì. Ti ẹ̀kẹta, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Wẹ́dà_Mọ́níyà
Gbé e sókè. Ṣé ó wúwo?

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Fúyẹ́. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.

Àgbà_Surulere
Ka lug rẹ̀.

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
8. Àwọ̀ eérú. Kò sí orúkọ kankan lára ẹ̀, ihò kékeré ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ wà. Awọ ẹ̀ ti ya.

Àgbà_Surulere
Jẹ́ kí wọ́n yọ òrùka àti awọ kúrò, kí o gbé e lé orí gíláàsì ìsọ̀ wọn, ká mọ̀ bóyá etí rẹ̀ tẹ́jú. Ṣé ó ń mì?

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Kò mì. Ìdè kan ló ti jẹra, kò wọlé dáadáa. ₦70,000 ló pè é. Ó ní òun dín in torí kò dán.

Àgbà_Surulere
Má rẹ́rìn-ín. Ná an díẹ̀ kó má baà fura.

Ọmọ_Àyàn
Kí o sì ra awọ tuntun.

Kọ̀ǹgọ́Bódìjà
Ó ti di ₦62,000, ó ti wà nínú àpò. Ọ̀gá ìsọ̀ ní kí n má tíì lọ, kí n bá òun fi mágínẹ́ẹ̀tì wo àwọn tó kù.

Ẹ̀mí_Ìlù_Yaba
Bá mi bi í bóyá ó mọ ẹni tó ta tèmi fún mi.