Lórí àbá pé kí "ọ̀dọ́" nìkan dúró fún teenager, adolescent, youth, minor àti juvenile

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí àwa tí a ń túmọ̀ ìwé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì máa lo "ọ̀dọ́" fún gbogbo ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí, nítorí pé ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀ ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. N kò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n iye ọdún ni teenager ń kà, ara tó ń dàgbà ni adolescent ń wò, òfin ló sì ni minor.

Teenager ló gba àròjinlẹ̀ jù lọ. Inú òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yọ ọ́: láti 13 títí dé 19, -teen ló gbẹ̀yìn gbogbo nọ́ńbà náà, òun ló sì so ọdún méje yẹn pọ̀. Òǹkà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tàlá àti ẹ̀rìnlá ṣì jẹ́ àròpọ̀ lórí ẹ̀wá, ṣùgbọ́n láti orí ẹ̀ẹ́dógún ni a ti ń yọ kúrò nínú ogún, títí a ó fi dé oókàndínlógún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò sí ní ìhà kan náà nínú òǹkà Yorùbá, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tuntun tí a bá ṣẹ̀dá láti inú nọ́ńbà wa kò ní bá teenager mu rẹ́gí. "Ọ̀dọ́langba" ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì tó. Níbi tí iye ọdún bá ti ṣe pàtàkì, kí a kọ iye náà gan-an.

Adolescent àti adult jọ ṣẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì kan tó túmọ̀ sí "dàgbà" ni: èkíní ń dàgbà lọ́wọ́, èkejì ti dàgbà tán. "Ẹni tó ń bàlágà" ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 10 sí 19 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pín fún un gùn ju àsìkò ìbàlágà ọ̀pọ̀ ọmọ lọ.

Ibi tí "ọ̀dọ́" ti bá a mu jù ni youth, nítorí ààlà àwọn méjèèjì kì í dúró sójú kan. Ọdún 15 sí 24 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò. Àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 2006 nà án dé 35.

Ti minor kò gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ ènìyàn ló rọ̀ mọ́ ọn. Ní England, ẹni ogún ọdún ṣì ń jẹ́ infant lójú òfin, ọ̀rọ̀ tí orírun rẹ̀ ní Látìnì túmọ̀ sí "ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀", kí òfin ọdún 1969 tó mú ààlà náà wálẹ̀ láti 21 sí 18. "Màjèṣín" ni kí a fi túmọ̀ minor, kí a sì sọ iye ọdún tí òfin ibẹ̀ là kalẹ̀.

Juvenile ni mo bẹ̀ yín pé kí a ṣọ́ra fún jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá juvenile court àkọ́kọ́, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó àgbà lójú òfin, sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1899, ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ ìwà ọ̀daràn débi pé àwọn kan ń kọ "ọ̀dọ́ ọ̀daràn" fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí òbí pa tì náà ń dé iwájú adájọ́ yẹn. "Ilé ẹjọ́ àwọn màjèṣín" tọ́, kí "màjèṣín tó rú òfin" sì wà fún kìkì ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi.