Èsì lórí "ẹ̀rọ ayédèrú": ẹ jẹ́ ká fi ayédèrú sílẹ̀ fún ọ̀daràn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú làálàá èdè wa o. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni mí, ẹ óò sì rí i nínú ọ̀rọ̀ mi.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi máa sọ nípa ààbò nẹ́tíwọọ̀kì ìgbàlódé la ń wá, àwọn nẹ́tíwọọ̀kì tí ètò kọ̀ǹpútà ń darí, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wọn kì í sì í ṣe irin mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣábẹ ló kọ́kọ́ dábàá. Wọ́n ní ohun tí àwọn Faransé ń pè ní virtuel, kí á pè é ní "ayédèrú". Kí kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀, tó jẹ́ ètò lásán nínú kọ̀ǹpútà ńlá, máa jẹ́ "ẹ̀rọ ayédèrú". Wọ́n ní kí súwíìsì, ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, èyí tó ń tẹ̀lé ètò, máa jẹ́ "agbàṣẹ", kí ohun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọọ̀kì sì jẹ́ "ògiri iná". Arábìnrin wa láti Ìbàdàn gbè wọ́n lẹ́yìn lórí ògiri iná.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ayédèrú yẹn kò lọ lọ́fun mi rárá.

Kí là ń pè ní ayédèrú? Owó ayédèrú. Oògùn ayédèrú tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó gbé àwọ̀ ojúlówó wọ̀ kó lè rẹ́ni jẹ ni. Kọ̀ǹpútà tí à ń sọ yìí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ 13, tí BT, Orange, Deutsche Telekom àti China Mobile wà nínú wọn, gbé ìwé kan jáde níbi ìpàdé kan ní Darmstadt ní ilẹ̀ Jámánì. Kókó rẹ̀ ni pé ó ti sú wọn láti máa ra àpótí irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú nẹ́tíwọọ̀kì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn iṣẹ́ náà di ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí sáfà gbogboogbò, kọ̀ǹpútà ńlá irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà. ETSI, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ láti Sophia Antipolis ní ilẹ̀ Faransé, ló tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ ọ̀hún. Ìpè tí ẹ pe àwọn ará ilé ní Ṣábẹ lánàá, bóyá inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló gbà kọjá. Ṣé ìpè ayédèrú lẹ pè?

Ní ti ààbò, ewu ọ̀rọ̀ náà tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan jẹ́ ayédèrú yóò rò pé kò sóhun tó lè ṣe é, kò sì sóhun tó lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ VENOM, ọdún 2015. Ihò ni wọ́n rí nínú QEMU, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń gbé àwọn kọ̀ǹpútà aláìlára wọ̀nyí sínú. Ibi tí ihò náà wà ló pa mí lẹ́rìn-ín: inú apá tó ń ṣe bí ẹ̀rọ tí à ń ki flọ́pì bọ̀! Flọ́pì, àwo pẹlẹbẹ àtijọ́ tí à ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, tí àwọn ọmọ wa kò fojú rí rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lò mọ́ nínú sáfà ọ̀hún. Láti ọdún 2004 ni àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí agbára alábòójútó gbà nínú kọ̀ǹpútà aláìlára kan lè gba ibẹ̀ já sínú sáfà tó gbé e, kó sì ti ibẹ̀ yà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Flọ́pì kò sí, ihò rẹ̀ wà.

Ayédèrú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, ibòmíì ló wà. Òpó ayédèrú ni, òpó nẹ́tíwọọ̀kì fóònù tí ọ̀daràn gbé kalẹ̀. Ní ayé 2G, fóònù ló ń fi ara rẹ̀ hàn fún òpó; òpó kì í fi ara rẹ̀ hàn fún fóònù. Ọ̀daràn tó bá ní ẹ̀rọ kékeré kan lè dá òpó tirẹ̀ sílẹ̀, kí fóònù àdúgbò máa já sí i lọ́wọ́, kó máa ṣa nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì SIM wọn. Láti 3G ni tọ̀tún-tòsì ti ń dá ara wọn mọ̀. Ìlànà 5G tí 3GPP, àjọ tó ń ṣe ìlànà nẹ́tíwọọ̀kì fóònù, gbé jáde ní 2018 tún fi kún un: fóònù lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ bo nọ́ńbà náà kó tó rán an sáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti so òpó 5G mọ́ ọkàn nẹ́tíwọọ̀kì 4G, ibi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀, ìbòmọ́lẹ̀ yẹn kò sí. Àwa tí gáìmán, àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò jẹ́ kí a fọkàn balẹ̀ nídìí owó orí fóònù wa mọ ohun tí à ń wí. Bí a bá ti ná "ayédèrú" tán sórí ẹ̀rọ rere, kí la fẹ́ pe òpó yìí? Ẹ ka gbólóhùn yìí sókè: "Òpó ayédèrú kọlu ẹ̀rọ ayédèrú." Òǹkàwé yóò ní kí wọ́n máa jà á lọ.

Ẹlòmíì ti dábàá "òjìji". Kò burú létí, ṣùgbọ́n òjìji kì í jalè, a kì í sì í jí i gbé. "Àfojúinúwò" ní tirẹ̀ dára fún àwọn onímọ̀ ìṣirò. Èmi rò pé ká sọ ọ́ bó ṣe rí: "ẹ̀rọ inú-ẹ̀rọ". Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò bèèrè lójú ẹsẹ̀ pé inú ẹ̀rọ wo, ìbéèrè tó sì yẹ kí oníṣẹ́ ààbò kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Sáfà tó gbé e á jẹ́ "ẹ̀rọ agbàlejò". Ètò tó ń pín oúnjẹ fún gbogbo wọn, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀kan tọwọ́ bọ àwo èkejì, ẹ jẹ́ ká pè é ní "alágbàtọ́". Alágbàtọ́ yìí gan-an ni VENOM gún lábẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ó gùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì gùn jù ú lọ (ká má parọ́, rédíò la máa ń pè é nínú ilé).

Ó tún ku "agbàṣẹ". Ní Kétu, ẹni tó bá lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ Alákétu ti di alágbára. Àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè dá ṣe nǹkan. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí súwíìsì. Nígbà tí àwọn ti Yunifásítì Stanford gbé OpenFlow, ìlànà tí a fi ń darí súwíìsì láti òkèèrè, jáde ní 2008, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ ọgbọ́n ìdájọ́ kúrò nínú súwíìsì, wọ́n kó o jọ sọ́dọ̀ ètò kan tó jókòó sí ọ̀tọ̀. Súwíìsì kò ní èrò tirẹ̀ mọ́. Bí páàkẹ́ẹ̀tì, ìdì ọ̀rọ̀ kékeré tó ń rìn nínú nẹ́tíwọọ̀kì, bá dé tí kò ní òfin lórí rẹ̀, yóò ránṣẹ́ bèèrè lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó gbàṣẹ.

Nítorí náà mo dábàá "aṣeépaláṣẹ" fún nẹ́tíwọọ̀kì tí a lè fi ètò darí, àti "apàṣẹ" fún ọ̀gá náà. (Mo ń fi àmì ìsàlẹ̀ ti Nàìjíríà kọ ọ́ kó lè yé gbogbo wa, bí a bá fi álífábẹ́ẹ̀tì tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ kọ ọ́, asheékpaláshɛ ni yóò jẹ́, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.) Ẹnìkan ti fi ṣẹ̀fẹ̀ pé "apàṣẹ" sún mọ́ "apàṣẹwàá" jù. Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́, inú mi sì dùn sí i! Bí ohùn ẹnìkan ṣoṣo bá ń darí gbogbo ìlú, ibi tí ọ̀tá yóò lọ kò ṣòro mọ̀. Yóò da páàkẹ́ẹ̀tì àjèjì bo súwíìsì, kí súwíìsì máa bèèrè, máa bèèrè, títí apàṣẹ yóò fi dákú. Tàbí kó yọ́ dúró sáàárín àwọn méjèèjì kó máa fi ohùn apàṣẹ sọ̀rọ̀, nítorí ìlànà OpenFlow 1.3 gbà kí a fi TLS, ìlànà ìfọ̀rọ̀pamọ́, bo ọ̀rọ̀ àárín wọn, kò sọ ọ́ di dandan. Tàbí kó purọ́ fún apàṣẹ pé okùn kan wà láàárín súwíìsì méjì tí okùn kankan kò so pọ̀, kí apàṣẹ fúnra rẹ̀ wá darí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn gba iwájú ọ̀tá. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni: ta ló ń pàṣẹ? Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá gbé ìbéèrè yẹn sínú, "aṣeéṣètò" tí àwọn kan fẹ́ràn kò gbé e.

Ògiri iná wá kàn. Ọmọ ìlú olódi ni mí. Yàrà, kòtò jíjìn tó ń dènà ogun, yí Kétu ká láyé ọjọ́un, Àkàbà Ìdènà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Odi kò kéré lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1886. Ṣùgbọ́n ogun iná wo ni ògiri iná ń bá jà? Èdè àwọn òyìnbó la túmọ̀ wọ́rọ́kọ́, àwọn sì mú un láti ara ògiri tí wọ́n ń kọ́ kí iná ilé kan má ràn mọ́ ìkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ògiri dúró sójú kan. Nínú ẹ̀rọ agbàlejò kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú-ẹ̀rọ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé páàkẹ́ẹ̀tì wọn dé ẹnubodè. Ọ̀tá tó bá ti wọlé sínú ọ̀kan kò tún ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ògiri ìta. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ inú-ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì ṣí i lọ sí sáfà mìíràn, ẹ̀ṣọ́ a bá a lọ. Ògiri wo ló ń rìn? "Oníbodè" ló yẹ ẹ́. Oníbodè a máa bèèrè ibi tí o ti ń bọ̀ àti ohun tó wà lẹ́rù rẹ, a lè yan púpọ̀, a lè gbé e kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, a sì lè bi í pé ta lo jẹ́ kó kọjá lóru àná. Arábìnrin wa, mo mọ̀ pé ògiri iná ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ ká bá oníbodè dé ẹnu wọn náà.

Lórí bí 5G ṣe ń pín nẹ́tíwọọ̀kì kan sọ́nà púpọ̀, ọ̀kan fún fóònù wa, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó fèsì, ọ̀kan fún ogunlọ́gọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tí ń rán ìròyìn: "ègé" (slice tí àwọn òyìnbó ń pè é) kọ́ o. Ègé ti kúrò lára ohun tí a gé e. Àwọn wọ̀nyí ṣì jọ ń lo òpó kan náà àti sáfà kan náà, ibẹ̀ sì ni ìjà ààbò wọn wà. "Ìpín" ni mo dìbò fún. Mo gbọ́ pé ní apá Ṣábẹ ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ilẹ̀ tí ẹbí jọ ń dá, tí oníkálukú mọ ààlà tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pè é gan-an?