Ìbéèrè: Àwọn géèmù mi ò yàwòrán dáadáa mọ́ lẹ́yìn tí mo gbé Windows 10 lọ sí Windows 11

Agbágéèmù:
Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Láàptọ́ọ̀pù tí mò ń lò ní GPU (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán) méjì: ti Intel tó wà nínú CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, àti GTX 1650 ti NVIDIA tó ní 4 GB. RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá gbé e lọ sí Windows 11 láì pa fáìlì kankan rẹ́. Látìgbà náà, géèmù tuntun tó ń sáré ní 60 fps (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ò kọjá 15 mọ́, òjìji inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú ṣáá, ara àwọn ògiri kan sì dúdú bí ẹni pé wọn ò kùn wọ́n rárá. Géèmù àtijọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà sórí ẹ̀rọ kọ̀, kò ṣí, ó ní òun ò rí d3dx9_43.dll. Ibi tí mo ti ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù náà ti pòórá. Mo ti fa gbogbo nǹkan inú géèmù wá sí Low, kò yí nǹkan kan padà. Kí ni kí n ṣe?

Onídráífà:
Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ló tú àṣírí. Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú géèmù. Ẹ tẹ Windows + X, ẹ yan Device Manager, kí ẹ ṣí Display adapters. Orúkọ wo lẹ rí níbẹ̀? Ṣé àmì ìkìlọ̀ oníyẹ́lò wà lára ìkankan? Tó bá wà, ẹ tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ka nọ́ńbà Code tó wà lábẹ́ Device status. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Windows + R, ẹ kọ dxdiag, kí ẹ sì sọ ohun tó wà níwájú Driver Date fún wa.

Agbágéèmù:
Ẹ ṣeun. Méjì ló wà níbẹ̀: Microsoft Basic Display Adapter àti NVIDIA GeForce GTX 1650. Kò sí àmì ìkìlọ̀ kankan. Ní dxdiag, ọjọ́ tó wà lára ti àkọ́kọ́ ni 6/21/2006. Ẹ̀rọ mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀!

Onídráífà:
Ọjọ́ yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Òun ni Microsoft máa ń kọ sára dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì) tí wọ́n dì mọ́ Windows fúnra rẹ̀, kí dráífà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì bá kọ lè máa dà bí èyí tó tuntun jù nígbàkígbà tí Windows bá ń yan. Nítorí náà, dráífà Intel yín ò bá yín dé Windows 11. Nínú ọ̀pọ̀ láàptọ́ọ̀pù tó ní GPU méjì, ara Intel ni wọ́n so ojú ẹ̀rọ mọ́. GTX á ya àwòrán tán, á wá gbé e fún Intel kó fi hàn. Tí Intel ò bá ní dráífà gidi, géèmù lè má rí GTX lò, á já sọ́wọ́ Microsoft Basic Render Driver, tó ń fi CPU nìkan ya gbogbo nǹkan. 15 fps yín nìyẹn. Dráífà ìgbà díẹ̀ yìí ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ fi ń dín in kù fi lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí, ẹ má sì dà á rú, torí bó ṣe tò léra ló ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ gba dráífà Intel sílẹ̀ láti ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe láàptọ́ọ̀pù náà. Ẹ fi nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà ní abẹ́ ẹ̀rọ wá a. Bí tiwọn bá ti pẹ́ jù, ẹ mú ti Intel gan-an. Ẹ gba ti NVIDIA náà sílẹ̀. Ẹ gba DDU, Display Driver Uninstaller, tó ń fọ dráífà àtijọ́ kúrò pátápátá, tì wọ́n. Kí gbogbo wọn wà lórí díìsìkì ná. Ẹ wá yọ íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, àti Wi-Fi àti wáyà, torí pé bí ẹ bá ń pa dráífà rẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, Windows Update á ti gbé òmíràn lé e kí ẹ tó ṣíjú.

Ohun méjì kan wà tí àwọn èèyàn kì í rántí kí wọ́n tó wọ Safe Mode, ìyẹn ṣíṣí Windows pẹ̀lú ìwọ̀nba nǹkan tó nílò nìkan, níbi tí ẹ ti máa lo DDU. Bí díìsìkì yín bá ní BitLocker tàbí Device encryption, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti díìsìkì pa, ẹ rí i pé recovery key rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ yẹn kan náà. Kí ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì yín gangan, torí PIN lè kọ̀ ní Safe Mode. Ó wá kù: ẹ di Shift mú, ẹ tẹ Restart, ẹ gba Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ tẹ 4.

Nínú DDU, ẹ yan GPU, ẹ yan Intel, kí ẹ tẹ Clean and do not restart. Ẹ yí i sí NVIDIA, kí ẹ wá tẹ Clean and restart. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn, Intel lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. NVIDIA ló kàn, ẹ yan Custom, kí ẹ fi àmì sí Perform a clean installation. Ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dá íntánẹ́ẹ̀tì padà.

Bí fáìlì Intel bá kọ̀, tó ní dráífà ilé-iṣẹ́ láàptọ́ọ̀pù nìkan lòun gbà, ẹ tú zip rẹ̀ sínú fódà kan. Ẹ padà sí Device Manager, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Basic Display Adapter, Update driver, Browse my computer, Let me pick, Have Disk, kí ẹ nawọ́ sí fáìlì .inf inú fódà yẹn.

Atúnpọ̀ṣe:
Ẹ̀gbọ́n Onídráífà, mo fara mọ́ àlàyé yín, àmọ́ lójú tèmi DDU ti le jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí dráífà Intel kankan lórí ẹ̀rọ yẹn mọ́ débi tí a ó máa fọ̀ ọ́. Kí wọ́n kàn fi Intel sí i lásán, kí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn, kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí òjìji bá ṣì ń ṣẹ́jú, ìgbà yẹn ni kí a tó fọ NVIDIA.

Onídráífà:
Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn fún Intel. Ti NVIDIA ni mo ń rò: òjìji tó ń ṣẹ́jú àti ògiri dúdú jọ dráífà Windows 10 tí ìgbéga gbé ìdajì rẹ̀ wá. Àmọ́ ó tọ́, kí wọ́n gbìyànjú ọ̀nà tó rọrùn ná. Agbágéèmù, ẹ fi Intel nìkan sí i, kí ẹ fún wa lésì.

Ìyá Píkísẹ̀lì:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti géèmù àtijọ́. Ìyẹn ò kan dráífà rárá. DirectX 12 wà nínú Windows 11 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fáìlì d3dx9 kì í bá a wá. Àpò irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí àwọn tó ṣe géèmù ayé DirectX 9 lò, 43 sì ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba dll (fáìlì tí géèmù ń yá lò) ẹyọ kan láti àwọn ìkànnì tó ń pín dll kiri. Yàtọ̀ sí kòkòrò tó lè wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá fi dll 64-bit síwájú géèmù 32-bit, àṣìṣe 0xc000007b lẹ máa rí, ẹ ó sì máa wá ohun tí kò sọnù. Ẹ wo inú fódà géèmù náà. Ọ̀pọ̀ wọn ní fódà Redist tàbí _CommonRedist tí DXSETUP.exe wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gba DirectX End-User Runtimes ti June 2010 láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á béèrè ibi tí kó tú ẹrù sí: ẹ fún un ní fódà òfìfo, ẹ má fi sórí Desktop, torí fáìlì rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ẹ wá ṣí DXSETUP.exe nínú fódà yẹn. Kì í fọwọ́ kan DirectX 12 yín, àwọn fáìlì tó ṣaláìsí nìkan ló ń fi kún un.

Bí géèmù bá tún pariwo MSVCP tàbí VCRUNTIME, Visual C++ Redistributable ló ń wá. Ẹ fi x86 àti x64 sí i pọ̀. Géèmù 32-bit ò lè lo x64, bó ti wù kí Windows yín jẹ́ 64-bit tó.

Agbágéèmù:
Ẹ kú làákàyè o, gbogbo yín. Mo fi Intel sí i, ìmọ́lẹ̀ ti padà, géèmù tuntun ti wọ 40 fps. Ṣùgbọ́n òjìji ṣì ń ṣẹ́jú. Mo wá fi DDU fọ NVIDIA bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, òjìji àti ògiri ti dára. Géèmù àtijọ́ náà ti ṣí, àmọ́ ó tóbi ju ojú ẹ̀rọ lọ, ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ò hàn. Tuntun náà ṣì ń ta kọ́ńkọ́, á dúró díẹ̀, á tún máa lọ, pàápàá tí mo bá dé ibi tí mi ò tíì dé rí.

Ìyá Píkísẹ̀lì:
Ó ní láti jẹ́ pé Scale yín wà ní 125% tàbí 150%. Géèmù àtijọ́ ò mọ̀ pé Windows ń fẹ àwòrán. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ .exe rẹ̀, Properties, Compatibility, Change high DPI settings. Ẹ fi àmì sí Override high DPI scaling behavior, kí ẹ yan Application. Ẹ fi àmì sí Disable fullscreen optimizations náà bó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá lo Alt + Tab. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dàrú pátápátá, ẹ lo dgVoodoo2: ẹ kó D3D9.dll, torí géèmù DirectX 9 ni, láti inú fódà MS\x86 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ .exe géèmù náà. Á sọ àṣẹ DirectX àtijọ́ di ti Direct3D 11 tàbí 12. Ẹ má kó o sínú System32 o!

Atúnpọ̀ṣe:
Ti kọ́ńkọ́: shader ni, ètò kékeré tó ń sọ fún GPU bó ṣe máa kùn àwòrán. Géèmù máa ń ṣe shader rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dráífà tó bá bá pàdé, á sì tọ́jú rẹ̀ kó má baà tún un ṣe. Bí dráífà bá yí padà, ohun tó tọ́jú ò wúlò mọ́, ó ń ṣe é lákọ̀tun bí ẹ ṣe ń wọ ibi tuntun. Á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí géèmù náà bá máa ń ṣe shader kó tó ṣí, ẹ má dá a dúró lágbede méjì. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ kọ cleanmgr sínú Windows + R, ẹ fi àmì sí DirectX Shader Cache nìkan, kí ẹ pa á rẹ́. Verify files tí gbogbo èèyàn máa ń sọ, tó ń yẹ fáìlì géèmù wò, ẹ fi sílẹ̀ àyàfi tí fáìlì àwòrán bá sọnù lóòótọ́. Kì í ṣàtúnṣe dráífà.

Ti 40 fps: ẹ wo GPU tí géèmù ń lò. Task Manager, Processes, ẹ ṣí òpó GPU engine. Èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ GTX ní ojú ewé Performance ni kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti géèmù mu. Bí kò bá bá a mu, Settings, System, Display, Graphics, ẹ fi .exe géèmù sí i, kí ẹ yan High performance. Níbẹ̀ náà ni Hardware-accelerated GPU scheduling wà. Ẹ tàn án, ẹ dán an wò, ẹ pa á, ẹ tún dán an wò, ẹ máa tún ẹ̀rọ tàn láàárín méjèèjì. Ẹ̀rọ kan á gbádùn rẹ̀, òmíràn ò ní í gbádùn rẹ̀. Ẹ má gbàgbé Advanced display: bí ojú ẹ̀rọ yín bá jẹ́ 120 tàbí 144 Hz, dráífà tuntun lè ti dá a padà sí 60.

Kékeré_Ẹ̀rọ:
Mo gbọ́ pé èèyàn lè pa Memory integrity kí géèmù lè yára. Ṣé òótọ́ ni?

Onídráífà:
Òótọ́ ni pé ó ń jẹ díẹ̀ lára agbára CPU. Inú Windows Security, Device security, Core isolation ló wà. Ṣùgbọ́n òun ló ń dí dráífà burúkú lọ́wọ́ láti wọ inú kernel, ọkàn Windows, mi ò sì ní í pa á nítorí fps mélòó kan. Àwọn géèmù kan tó ń ṣọ́ àwọn tó ń rẹ́ni jẹ gan-an lè béèrè pé kó wà ní títàn.

Kékeré_Ẹ̀rọ:
GTX 660 ni tèmi, lórí tábìlì. Ṣé kí n gbé e lọ sí Windows 11 náà?

Onídráífà:
Kepler ni 660, NVIDIA sì ti dá dráífà géèmù dúró fún ìran yẹn láti 2021. Ẹ̀ka 470 ló parí sí. Á yàwòrán ní Windows 11, àwọn géèmù àtijọ́ á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí àtúnṣe kankan bí géèmù tuntun bá bàjẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ gba fáìlì 470 yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Agbágéèmù:
Mo yan High performance, ó ti padà sí 60. Ìbéèrè kan ló kù: tí nǹkan míì bá tún yọjú, ṣé mo ṣì lè padà sí Windows 10?

Atúnpọ̀ṣe:
Ọjọ́ 10 péré ni Windows fi ń tọ́jú Windows.old, fódà tí Windows 10 yín àtijọ́ wà. Bí ọjọ́ yẹn ò bá tíì pé, ẹ ṣí Terminal gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ kọ: DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60. Á fún yín ní ọjọ́ 60, àmọ́ Windows.old á máa gba àyè lórí díìsìkì títí di ìgbà náà, ẹ má sì fi Disk Cleanup pa á rẹ́. Ibi tí ẹ ti máa padà ni Settings, System, Recovery, Go back. Kí ẹ mọ̀ pé ìrànwọ́ Microsoft fún Windows 10 parí ní 14 October 2025. Dráífà àti géèmù tí ẹ fi sí i lẹ́yìn ìgbéga náà ò ní í bá yín padà, nítorí náà ẹ má pa fáìlì dráífà tí ẹ gbà sílẹ̀ rẹ́.