Oògùn àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé: èwo ni kí n kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa?

Nọ́ọ̀sì_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun tó nílò àmójútó gidi, ọ̀sẹ̀ kejì mi rèé, ká sòótọ́ ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi ìwọ̀n ọmọ ṣírò, ọmọ ọ̀hún gan-an lè má tó kílò kan ààbọ̀, oògùn tí mò ń fà sínú síríńjì kì í tó ìdajì ṣíbí kékeré, orúkọ wọn wá pọ̀ bí eṣú. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dì mú? Ìyá ọmọ kan tiẹ̀ bi mí lánàá pé ṣé caffeine inú kọfí náà là ń fún ọmọ òun, mo kàn rẹ́rìn-ín ni, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Alẹ́_Kì_Í_Sùn
Àbúrò, òun náà ni o! Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, ọpọlọ ẹ̀ máa ń gbàgbé láti mí. Àyà á kàn dákẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, ìlù ọkàn á lọ sílẹ̀, ètè á máa dúdú, mọ́nítọ̀ ń pariwo, wàá fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó rántí mí. Caffeine ló ń ta ọpọlọ yẹn jí. Kì í sì í tètè kúrò lára wọn, lára àgbàlagbà bíi wákàtí 5 ìdajì ẹ̀ ti lọ, lára àwọn yìí ó lè tó wákàtí 100, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó, ìdí nìyẹn náà tá a fi ń ṣọ́ ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tá a bá dá oògùn náà dúró ká tó ní kí ọmọ máa lọ sílé. Tí ìlù ọkàn bá ti ju 180 lọ, pe dọ́kítà kó o tó fún un.

Apòògùn_Àgbà
Ẹ ò tíì sọ ibi tí wàhálà wà. Caffeine citrate, ìyẹn caffeine tí wọ́n so pọ̀ mọ́ nǹkan míì (citrate), tó bá jẹ́ 20 mg, caffeine gidi inú ẹ̀ ò ju 10 mg lọ. Ká ní ọmọ wọn 1.2 kg, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 20 mg citrate fún kílò kan, 24 mg nìyẹn, ìgò tó ní 20 mg nínú mL kan, 1.2 mL lẹ máa fà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ fi rọ ọ́ wọlé. Lọ́jọ́ kejì 5 mg fún kílò, 0.3 mL. Tí dọ́kítà bá kọ "caffeine" lásán, ẹ bi í èwo ló ní lọ́kàn, torí ìlọ́po méjì tàbí ìdajì lẹ lè fún ọmọ.

Gentamicin àti ampicillin náà, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ẹ má pò wọ́n pọ̀, ampicillin á ba gentamicin jẹ́, ẹ fi omi iyọ̀ ṣan ọ̀nà dírípù láàárín méjèèjì.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
0.3 tí apòògùn kọ yẹn, mo ti fa 3 rí. Òru ni, ó ti rẹ̀ mí, ẹni tó kọ ọ́ kọ .3 láìfi òdo síwájú, póìǹtì ọ̀hún ò ju ẹsẹ̀ eṣinṣin lọ. Ẹnìkejì mi ló ní "ẹ̀gbọ́n, síríńjì yìí ò tóbi jù báyìí?" Ara mi tutù wìì. Látìgbà náà síríńjì 1 mL ni mò ń lò fún irú ẹ̀, 3 mL ò lè wọnú ẹ̀ láé, èmi àti ẹnìkejì mi á sì ṣírò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò ní jẹ́ kó wo tèmi ná.

Tún mọ ibuprofen àti prostaglandin. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn tó yẹ kó dí lẹ́yìn ìbí, ibuprofen la fi ń tì í tó bá kọ̀ tí ò dí, prostaglandin la fi ń ṣí i sílẹ̀ fún ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ní àbùkù tó jẹ́ iṣan yẹn ló fi ń yè. Prostaglandin lè dá èémí ọmọ dúró o, báàgì tá a fi ń fẹ́ atẹ́gùn fún ọmọ ò gbọdọ̀ jìnnà sí ọwọ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì_Tuntun
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ wo ìgò tiwa, citrate ló wà lára ẹ̀. Mo wá padà wo fáìlì ọmọ, "caffeine" lásán ni dọ́kítà kọ. Mò ń lọ pè é báyìí.