Àwo orin ni kí n lé ni, àbí oríkì?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ yìí bá gùn. Ọmọ ọdún 19 ni mí, dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ni mò ń kọ n'Ílọrin níbí. Lọ́dún tó kọjá, mo pinnu láti gbé àwo jáde. Mo kọrin níbi wòlímọ̀ mẹ́fà, mo ń tọ́jú owó, kò tó owó sítúdíò. Ohùn mi tún há, torí mò ń fi ariwo bá ìlù jà. Bàbá tó ń kọ́ mi ní kí n fi ọdún yìí kọ́ oríkì agbo ilé dáadáa. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣáájú. Ṣé kí n gbàgbé àwo ná, àbí kí n gbé orin kan ṣoṣo jáde? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.