Iṣẹ́ Ilé Wo Ni Ó Kọ́kọ́ Dà Yín Láàmú Nígbà Tí Ẹ Dé Òkè-Òkun?

Ará Òkè-Fìà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo Òròkí. Àbúrò mi obìnrin dé Jámánì ní oṣù tó kọjá láti kàwé, ó sì máa ń pè mí ní alaalẹ́. Kì í ṣe ìwé ni ó ń dà á láàmú, iṣẹ́ ilé ni. Ó ní òun dúró níwájú garawa ìdọ̀tí mẹ́rin títí òtútù fi mú òun, òun kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí òun da èèpo ọ̀dùnkún sí. Èmi kò rìn kọjá Èkó rí, nítorí náà n kò ní ìdáhùn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé níbẹ̀, iṣẹ́ ilé wo ni ó kọ́kọ́ dà yín láàmú, ta ni ó sì là yín lọ́yẹ̀?

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Níbi tí mo gbé, garawa aláwọ̀ pákó ni fún èèpo. Ìwé ń lọ sínú ti búlúù, ike àti agolo tí wọ́n fi di ọjà ń lọ sínú èyí tí ó pọ́n bí ìyeyè, ìyókù sì ń lọ sínú dúdú. Àwọ̀ lè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí. Ìgò omi oníke ni kí ó má ṣe dà nù: 25 sẹ́ǹtì owó Yúróòpù ni wọ́n gbà lé e nígbà tí ó rà á, yóò sì gbà á padà bí ó bá ki ìgò náà bọ ẹ̀rọ tí ó wà ní ṣúpámákẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ògo-Olúwa:
Kí ó má gún iyán lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́, kí ó má sì gún un ní ọjọ́ Àìkú rárá, nítorí ariwo.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀bá Stuttgart ní Jámánì ni mo kọ́kọ́ gbé, mo sì fẹ́ kí àbúrò yín gbọ́ èyí. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bá pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi okùn so kọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn mi. N kò tíì gbọ́ èdè wọn nígbà náà. Ọmọ agboolé ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tí wọ́n bá sì tọ́ níbẹ̀ mọ̀ pé a kì í déédéé kọ́ nǹkan sí ẹnu ọ̀nà ẹnìkan. Àyà mi já. Mo gbà pé àrokò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó jáde. Mo gbàdúrà kí n tó fọwọ́ kàn án, mo sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, àtẹ̀gùn ilé ń dọ̀tí sí i, àwọn ará ilé kò sì kí mi mọ́, èyí tí ó mú kí ó dá mi lójú pé bí mo ti rò ó ni ó rí.

Ìyá àgbà tí ó ń gbé nísàlẹ̀ ni ó wá kan ilẹ̀kùn mi níkẹyìn. Ó mú ìgbálẹ̀ àti garawa lọ́wọ́, ó gbá àgbékà àtẹ̀gùn kìn-ín-ní, ó sì na ìgbálẹ̀ sí mi kí n gbá èkejì. Kehrwoche ni wọ́n ń pe àṣà náà ní agbègbè yẹn: ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tí yóò gbá àtẹ̀gùn, tí yóò sì nù ún, nígbà mìíràn tí yóò tún gbá iwájú ilé, tí yóò kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà nígbà òtútù, bí ó bá sì parí, yóò gbé pákó náà lọ kọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó kàn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ní agboolé wa, bákan náà ni ìyá bàbá mi ṣe máa ń ké pe ilé tí gbígbá ojúde kàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ láti kékeré ni, àfi pé ẹnikẹ́ni kò tíì pè é lórúkọ tí mo mọ̀.

Aláró:
Ẹ̀gbọ́n, ara mi gbọ̀n nígbà tí mo ka ibi pákó yẹn. Èmi ì bá ti kó jáde.

Bàbá Jàléyemí:
Ìtàn yín wọ̀ mí lára, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nítorí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kà á. Ohun tí a bá so kọ́ ibì kan, ààlè ni. Àrokò ni èyí tí a dì fún ìránṣẹ́ láti gbé lọ fún ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun ìní ni a ń fi ààlè sí lára kí olè má baà fọwọ́ kàn án, bí igi tí a ṣẹ́ jọ tàbí èso lórí igi. Kò sí ohun ìní kankan lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹnìkan ń bá mi sọ̀rọ̀ láìla ẹnu ni, ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní àrokò.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì.

Bàbá Jàléyemí:
Ẹ ṣì máa gbà pẹ̀lú mi.

Aláró:
Ní tèmi, aṣọ fífọ̀ ni. Ìlú Ọba ni mo wà, àwa mẹ́rin ni a jọ ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ kan nínú ilé ìdáná. Ìyá mi, tí ó ń rẹ aṣọ títí di òní, di adìrẹ ẹlẹ́lùú márùn-ún fún mi. Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ aṣọ àwọn ará ilé mi, omi gbígbóná ni mo sì yí i sí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì àti aṣọ nọ́ọ̀sì kan ni ó di aláwọ̀ aró. Mo ra òmíràn fún wọn, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì sì ni. Ọmọ ìlú aró ni mí, ìdí nìyẹn tí ó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ògo-Olúwa:
Ṣé ẹ kò fi iyọ̀ sí i ni?

Aláró:
Ìyá mi kò gbà pé iyọ̀ ń ṣe nǹkan kan. Ó ní aró tí kò wọ inú òwú ni ó máa ń jáde, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró ju kí a fi omi tútù ṣan aṣọ náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí a máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí a sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní pa á.

Ọmọ Ògo-Olúwa:
Ìyá àgbà tèmi fi iyọ̀ sí i títí ó fi kú, adìrẹ rẹ̀ kò sì ṣí.

Ará Òkè-Fìà:
Níbo ni ẹ wá ń sá aṣọ sí nígbà òtútù? Inú yàrá ni àbúrò mi ń sá a sí, ó sì ní ògiri ti ń yọ àmì dúdú.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Ilé ti ń bu nìyẹn o! Omi tí ó ń gbẹ lára aṣọ náà ni ó ń lọ bà sára ògiri tútù. Kí ó ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, bí òtútù tilẹ̀ ń mú, kí ó sì tètè nu ojú ibẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, onílé lè yọ owó àtúnṣe nínú owó ìdúró tí ó san sílẹ̀ nígbà tí ó gba yàrá, bí ó bá ń kó jáde.

Ìyá Ìbejì:
Kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó ń gbé nísàlẹ̀. Kí ó mú ohun kékeré kan lọ́wọ́, kí ó má lọ ní ọ̀sán gangan nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń sinmi nígbà náà, kí ó sì sọ pé òun jẹ́ àlejò, kí wọ́n kọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ ṣì ń dùn mí.

Ará Òkè-Fìà:
Ó ti lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí. Wọ́n fún un ní kéèkì àti ìwé kan tí ó ní àwòrán garawa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, obìnrin náà sì bá a dé ẹ̀yìnkùlé láti fi èyí tí ó jẹ́ ti èèpo hàn án.